Ìbọn Ìṣeré Ojú Fèrèsé Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Òjò láti ìdájí. Mo ń gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta fún ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, mo rí i pé n kò mú awò ojú mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá sọdá àgbàlá padà sínú yàrá. Ọpẹ́lọpẹ́ awò yẹn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti há Tíṣà, ìyàwó mi, lọ́nà ọ̀fun, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbé e jókòó, mo tẹ orí rẹ̀ síwájú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn títí ó fi jáde.

Nígbà tó mí délẹ̀ tán, ó fa síléètì rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Mo fi ṣíbí lu ife títí ó fi fọ́." Lóòótọ́, àfọ́kù ife wà nílẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ogójì ọdún tí mo fi ń lọ irin ti jẹ etí mi tán, àìsàn yìí sì ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀kan ò lè pè, ọ̀kan ò lè gbọ́. Tọkọtaya tó bára mu.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Ọmọ wa obìnrin ti gbọ́. Aránṣọ tó wà lójúlé kejì ló sọ fún un, ẹnu obìnrin yẹn kì í dilẹ̀. Ọmọ náà dé kí n tó jẹun àárọ̀, ó jókòó sétí ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Bàámi, ẹ má bínú sí mi o. Ilé ìtọ́jú yẹn dáa. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n ní yàrá kan máa ṣófo níparí oṣù tó ń bọ̀."

Tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: "MI Ò LỌ." Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe sí ìwé ọmọ tó bá gba òdo.

"Tó bá tún há yín lọ́fun ńkọ́, Màámi?"

Tíṣà tún tọ́ka sí síléètì. Níkẹyìn ọmọ náà ní òun á fún wa di ìparí oṣù Keje. Bí mo bá lè fi han òun pé ìyá òun lè pè mí, tí mo sì lè dé kíákíá, òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lílọ di dandan.

Kò burú. Àgádágodo tí àwọn mìíràn ní kò ṣeé ṣí, mo ti ṣí i rí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Mo gbé ẹ̀rọ wọ inú yàrá kí n lè wà nítòsí rẹ̀. Eruku irin mú un húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ jáde. Mo yí àga mi padà kí n lè máa wo fèrèsé rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, ojú ò lè wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo so gílóòbù kékeré kan sókè orí mi, bọ́tìnnì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tíṣà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, mo na ìdí rẹ̀ gba àgbàlá kọjá lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ kọsẹ̀ lára okùn náà, ó ṣubú lé agbọ̀n aṣọ oníbàárà.

"Baba Oníkọ́kọ́rọ́! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Tíṣà kọ̀wé sí mi: "Ó kù díẹ̀ kí ẹ di ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀." Mo ní ká wá ẹnì kan tí yóò máa jókòó tì í. Ó ní àjèjì kan ò ní fọwọ́ kan ara òun.

Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Mo tẹ̀ ba, mo ń so okùn bàtà mi, nǹkan kan bà mí lẹ́yìn ọrùn. Ìbọn ìṣeré tí ọmọ-ọmọ wa gbàgbé síbí nígbà ìsinmi ni, èyí tó ń yin ọta fóòmù tó gùn tó ìka. Ó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí Tíṣà láti ọjọ́ wo, n kò mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ohùn ò sí, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tó ń kọ́ ọmọ níwèé, bí ọmọ kan bá ń tòògbé lẹ́yìn pátápátá, ṣọ́ọ̀kì á ti bà á níwájú orí kó tó lajú. Kì í tàsé. Àwọn tó ti di bàbá àgbà ṣì máa ń fọwọ́ bo iwájú orí bí wọ́n bá rí i lójú títì.

Mo jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Mo ti rí i. N kò nílò etí láti mọ̀ pé nǹkan bà mí lára.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún láti fèrèsé rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ mi. Ọta náà ń kú sí ìṣísẹ̀ kẹsàn-án, lábẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo tú ìbọn náà. Súkúrù mẹ́rìnlá fún ohun tí kò ju ìṣeré lọ! Sípíríǹgì inú rẹ̀ tín-ín-rín, ojú tì mí fún ẹni tó fi í síbẹ̀. Lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, wọ́n fi ìdènà kékeré kan sí i kí ọta má baà le jù fún ọmọdé. Mo lu ìdènà náà jáde. Rọ́bà roboto tó yí ọ̀pá inú rẹ̀ ká kò fún, afẹ́fẹ́ ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wé téèpù funfun àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi sí abẹ́ rọ́bà náà ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi gírísì ra á.

Ìṣísẹ̀ méjìlá. Mo pariwo. Aránṣọ yọjú, mo ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Mo ti sún ẹ̀rọ mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kù díẹ̀ kí òjò máa pa mí lẹ́yìn. Bí ó bá gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, ọta ń bà mí lẹ́sẹ̀.

Tíṣà ti kọ òfin sí síléètì, ó ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ ilé ìwé. Ọta kan: ẹ wá tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, tàbí mo kàn fẹ́ bú yín. Ọta méjì: ẹ sáré.

Ó ń fi ìdí ìbọn ti ikùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀pá ìbọn sẹ́yìn títí yóò fi há, kí ọta kọ̀ọ̀kan tó lè jáde. Ó ń gba agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Ó yìn mí níbọn lẹ́ẹ̀marùn-ún lónìí. Nítorí kọ́là mi ṣẹ́ sínú. Nítorí mo ń họ imú. Nítorí oníbàárà kan ń rẹ́ mi jẹ, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń nawọ́ sókè láìwẹ̀yìn, "Mo ń bọ̀, Tíṣà," mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Méjì! Èkíní bà mí ní gìgísẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Èkejì bọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi bàtà sílẹ̀, mo sáré. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Ó jáde wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì ṣú. Mo jókòó tì í, ó sì ń fọwọ́ pa mí lórí bí ẹni pé èmi ni nǹkan há lọ́fun.

Mo ti pe ọmọ wa, mo sọ fún un. N kò gbọ́ èsì rẹ̀ dáadáa, mo ṣáà ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà

Inú mi kò dùn. Atẹ́gùn òjò gbé ọta mẹ́ta lọ lánàá, a rí ọ̀kan nínú báàfù aṣọ aránṣọ. Dókítà yẹ ọ̀fun Tíṣà wò. Ó ní iṣan ibẹ̀ ti rẹ̀ sí i, yóò máa há a lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíṣà ń wo òrùlé ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀.

Ọta tí atẹ́gùn lè gbé kò wúlò fún mi. Ìbọn náà gbọ́dọ̀ le sí i.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Mo dán sípíríǹgì mẹ́rin wò. Ti ìlẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́ le jù, ó fọ́ ike tó ń di ọ̀pá inú mú. Mo kígbe, mo ju súkúrù káàkiri, mo sì tún fi orúnkún rìn kiri ṣà wọ́n.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo fi fáìlì tí a fi ń lọ irin gbẹ́ ìdè mìíràn láti ara kọ́kọ́rọ́ idẹ àtijọ́ kan, mo fi dípò ike tó fọ́. Ó dára ju ti àwọn tó ṣe é lọ.

Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Mo ti gbé ẹ̀rọ mi padà sáyè rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún, nínú atẹ́gùn, ọta náà sì lọ tààrà. Ó gbá agolo kan ṣubú lórí tábìlì mi. Mo ní kí Tíṣà yìn mí lẹ́yìn. Ó ta mí gba ara ṣẹ́ẹ̀tì kọjá, ibẹ̀ pọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú àgbàlá nínú omi òjò. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Mo gé orí ọta náà, mo fi òwú dípò rọ́bà kó má baà fọ́ mi lójú.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò rọgbọ: Tíṣà ò lè fa á mọ́. Ó fi ikùn tì í, ó fi ẹsẹ̀ tì í, kò mira. Mo ní kò sí wàhálà, èmi á máa fa á sílẹ̀ dè é, kó ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá fẹ́. Bí ó bá ti yìn ín, n óò wá tún un fà. Ó mi orí lórí ìrọ̀rí, ó gbà.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Mo ti fi pákó kan ìbọn náà mọ́ ojú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn mi gan-an. Kò nílò kó gbé e. Ìka kan tó.

Ọmọ wa wá wò ó. Ó dúró sáàárín àgbàlá, ó ń wo aago. Èmi kọjú sí ẹ̀rọ, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọta bà mí lọ́rùn, mo sáré, mo dé ibùsùn kí ọmọ wa tó ka mẹ́wàá.

"Háà, Bàámi!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó dáa. Ó dáa, mo ti gbà."

Tíṣà kọ ọ́ fún un: "Mo ní mi ò lọ. Ṣé o ti gbọ́?"

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Ó yìn mí nítorí mo ń kọrin. Báwo ló ṣe gbọ́? Ó ní orí mi tó ń jó ló rí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yìn mí. Lẹ́yìn ìkẹta mo sọ fún un pé lílọ-bíbọ̀ láti wá fa ìbọn ń pa mí lẹ́sẹ̀. Ó ní ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ìdárayá.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

N kò lè kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje

Ó ṣì wà ní ọsibítù, ó ń sùn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Ajé ni, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Kọ́kọ́rọ́ ilé aránṣọ ni mo ń gé. Ọta bà mí léjìká òsì. Ó lọ tààrà, ó le, kò sí àbùkù kankan lára iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Mo ń bọ̀, Tíṣà." N kò wẹ̀yìn. Ó ku eyín mẹ́ta lára kọ́kọ́rọ́ náà, mo gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀.

Èkejì ni ara mi ń dúró dè. Ọ̀kan ni ẹ̀fẹ̀, méjì ni ẹ sáré. Ta ni yóò yin èkejì? Èmi fúnra mi ni mo mú sípíríǹgì tí kò lè fà síbẹ̀. Èmi ni mo gba ọta kejì lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì ń jó nínú omi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí òfin náà nínú àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa wá dán an wò, mo mọ̀ pé ìdánwò ni, ìdí nìyẹn tí mo fi sáré.

Aránṣọ ló wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó yọjú wo fèrèsé. Ó ní òun lọgun. N kò gbọ́ ìyẹn náà. Ó wá fa ṣẹ́ẹ̀tì mi ya.

Nígbà tí mo débẹ̀, ètè Tíṣà ti dúdú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ìdí ẹ̀rọ níbi tí mo ti kẹ́yìn sí i ló ṣì ń wò.

Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Ó jí. Ọmọ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi.

"Ọta yẹn ò dé ọ̀dọ̀ Bàámi, àbí?" ló bi ìyá rẹ̀. "Àbí atẹ́gùn ni?"

Mo la ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, Tíṣà ti na ọwọ́ sí síléètì. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán: "Kò dé. Atẹ́gùn gbé e."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fura pé ohun ìṣeré á já wa kulẹ̀. Ó ní ọkọ òun mọ gílóòbù kan tó ń lo bátìrì, tí iná kì í lọ lára rẹ̀. Wọn á gbé e síwájú mi gan-an níbi ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ ká dán ìyẹn wò. Mo lè ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní yàrá yẹn. Màámi, ẹ ẹ̀ ní lọ ibì kankan."

Tíṣà ń wò mí. Ó rí mi nígbà tí mo nawọ́ sókè. Obìnrin yìí lé ọmọ ọ̀gá ilé ìwé jáde ní kíláàsì nítorí irọ́ kan ṣoṣo, wọn ò sì rí i kó tọrọ àforíjì.

Mo pa ẹnu mi dé.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

N kò jáde. N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ojú inú mi rí gílóòbù náà tó ń tàn níwájú mi, ojú mi sì rí ọwọ́ mi tó gòkè pé mo ń bọ̀. Ó máa kọ́kọ́ jẹ́ tuntun, n óò máa sáré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á di àṣà. Tíṣà á fi bú mi nítorí kọ́là, nítorí kò ní ohùn, kò sì lè gbé ọjọ́ kan láìbú mi. N kò sì fẹ́ kó dẹ́kun.

Bí mo bá dákẹ́, ó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà mí.

Àìkú, 27 Oṣù Keje

Mo lọ sílé ọmọ wa. Ó ń lọ aṣọ. N kò jókòó.

"Ó bà mí," mo ní. "Ọta yẹn bà mí. Mo nawọ́ sí i pé mo ń bọ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ."

Ó kọ́kọ́ rò pé n kò gbọ́ ìbéèrè kan ni. "Kí lẹ wí, Bàámi?"

Mo tún un sọ. Mo sọ ti eyín mẹ́ta. Mo sọ ti eruku tí mo fẹ́.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó kẹ́yìn sí mi. Nígbà tó yíjú padà, ó sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́, mo ní kó sọ ọ́ kí n gbọ́.

"Mo ní ẹ ṣeun, Bàámi. Mo tún ní mi ò mọ bí mo ṣe máa dárí jì yín."

Mo gbọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

Mo sọ fún Tíṣà fúnra mi, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní, "Mo ti sọ òtítọ́ fún un. O ń lọ."

Ó tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ síléètì títí ó fi ṣẹ́. Ó fi ìdajì tó kù kọ ọ́: "Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti ń gbé pọ̀, bó ti wù kí inú bí i tó, ẹ àti yín ló ń kọ sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì ọsibítù, níwájú nọ́ọ̀sì. Ó fi síléètì náà dojú bolẹ̀ sórí àyà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Yàrá náà mọ́, ibùsùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́ láti wọ súwẹ́tà.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Mo gé kọ́kọ́rọ́ méjì. Kò sí nǹkan tó bà mí lára láti àárọ̀.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ kí i. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀ pé mo nílò kí wọ́n pariwo, ó sì pariwo dáadáa. Ó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há a lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀. Ìgbà méjèèjì ni ẹnì kan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó lè gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ó ti sanra díẹ̀, ó ń jẹun. "Inú yín á dùn, Bàbá."

Mo ní inú mi dùn. Òótọ́ ni.

Tíṣà kọjú sí ògiri. Mo kí i, kò yíjú padà. Mo sọ fún un pé aránṣọ ń kí i, pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti ń jò. Síléètì rẹ̀ wà lórí tábìlì, wọ́n ti nù ún mọ́. Mo gbé e sítòsí ọwọ́ rẹ̀. Ó sún ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo fa àga jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n ń fún wa. Mo ń wo èjìká rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń sọ̀kalẹ̀, tó tún ń lọ sókè, láìsí ìdádúró kankan, títí wọ́n fi wá sọ fún mi pé àsìkò ti tó.